Ẹ̀yin arábìnrin, ẹ má fi ọjà yín pamọ́

Fífi iṣẹ́ ọwọ́ ẹni pamọ́ kì í ṣe ìrẹ̀lẹ̀. Obìnrin inú Òwe 31 mọ̀ pé ọjà òun dára (ẹsẹ 18), ó sì ń kó o fún àwọn oníṣòwò (ẹsẹ 24). Iṣẹ́ Lìdíà náà kò fara sin: òǹtà aṣọ elésè àlùkò ni (Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì 16:14).

Ẹ kọ gbólóhùn 3 tí ẹ ó máa sọ fún oníbàárà nípa ọjà yín sílẹ̀: ta lẹ ń ṣe é fún, ìṣòro wo ló ń yanjú, kí sì ni ẹni tó fẹ́ rà á yóò ṣe. Ẹ kà á sókè títí yóò fi já geere lẹ́nu yín láàárín ìṣẹ́jú àáyá 30. Ìbẹ̀rẹ̀ ló sábà máa ń bà á jẹ́: "Ẹ má bínú pé mo ń dà yín láàmú." Ẹni tó kọ́kọ́ tọrọ àforíjì ti bu ọjà ara rẹ̀ kù. Bí wọ́n bá béèrè iye rẹ̀, ẹ dárúkọ rẹ̀, kí ẹ sì dákẹ́. Ẹ má dín in kí wọ́n tó ná an rárá.

Òwe 27:2 ní kí ẹlòmíràn yìn wá. Ẹ jẹ́ kí wọ́n yìn yín, ẹ̀yin arábìnrin! Bí oníbàárà bá ti lo ọjà náà, ẹ bi í pé, "Kí ló yí padà fún yín?" Ẹ gba àṣẹ rẹ̀ kí ẹ tó gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ jáde, ẹ má sì bù mọ́ ọn, Olúwa kórìíra òṣùwọ̀n èké (Òwe 11:1). Bí ẹ̀rù bá ṣì ń bà yín, ẹ bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ ẹni tó ti rà lọ́wọ́ yín lẹ́ẹ̀mejì.