Bí A Ṣe Ń Ka Òrùka Igi Páìnì Láti Mọ Oṣù Tó Mú Un Dàgbà

Ní agbègbè adágún Inari, ní òkè àríwá Finland, igi páìnì kì í rí ju nǹkan bí oṣù méjì lọ nínú ọdún láti fi sanra. Yìnyín ṣì máa ń wà nílẹ̀ nínú oṣù karùn-ún. Nígbà tí oṣù kẹjọ bá fi máa parí, ìsanra ọdún náà ti dáwọ́ dúró. Ohun tí oòrùn àti òtútù bá ṣe láàárín ìgbà kúkúrú yẹn á di òrùka kan nínú igi, èyí tí a lè kà lẹ́yìn 300 ọdún. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ojú ọjọ́ ṣe ń darí igbó ilẹ̀ olótùútù, kó má ṣe béèrè pé ọdún wo ló móoru. Kó béèrè pé oṣù wo ló móoru. Bí a ṣe ń wá ìdáhùn rẹ̀ nìyí.

Ẹ kọ́kọ́ fi rúlà ṣe é

Ẹ wá ọ̀dọ́ páìnì (Pinus sylvestris) tí kò tíì ga ju mítà 3 lọ, níbi tí igi ńlá kò ti ṣíji bò ó. Lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lọ́dún ni páìnì yìí máa ń yọ ẹ̀ka yí ara rẹ̀ ká, bí irin inú agbòjò tí a ṣí. Láti ìdí ẹ̀ka yípo kan dé ìdí èkejì jẹ́ gíga ọdún kan. Ẹ wọ̀n ọ́n láti òkè wá sísàlẹ̀, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ ní mìlímítà, ọdún kan sí ìlà kan. Tó bá jẹ́ oṣù kẹfà lẹ ń wọ̀n ọ́n, ẹ fi ti òkè pátápátá sílẹ̀, torí ó ṣì ń ga lọ́wọ́.

Ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Gíga ọdún yìí kì í sọ ìròyìn ọdún yìí. Inú oṣù keje àti oṣù kẹjọ ọdún tó kọjá ni igi ti di ọmú ẹ̀ka rẹ̀ (ibi tí ẹ̀ka tuntun máa ti yọ), tó sì ti ka iye ewé tó máa wà níbẹ̀ sílẹ̀. Ó dà bí aránṣọ tó gé aṣọ lọ́dún tó kọjá tó wá ń rán an lọ́dún yìí: bó ti wù kí ọdún yìí dára tó, aṣọ náà kò lè tóbi ju bí ó ṣe gé e lọ. Oṣù keje 2018 móoru gan-an ní Finland. Gíga 2019 ni kí ẹ wò láti rí i, kì í ṣe ti 2018.

Ìsanra ní tirẹ̀ kì í dúró de ọdún tó ń bọ̀. Oṣù keje ọdún yìí gan-an ló ń tẹ̀ lé. Láti rí ìyẹn, àfi ká lu ihò sára igi.

Lílu igi láì pa á lára

Ẹ gba ìyọ̀ǹda lọ́wọ́ ẹni tó ni igbó. Òfin Finland gba gbogbo ènìyàn láyè láti rìn nínú igbó kí wọ́n sì ká èso, ṣùgbọ́n kò gba ẹnikẹ́ni láyè láti dá ọgbẹ́ sí igi onígi.

Irinṣẹ́ ìlugi ní apá mẹ́ta: ọwọ́ tí a fi ń yí i, ọ̀pá irin oníhò tí ẹnu rẹ̀ mú, tó ní ìlà yíyípo bíi ti súkúrù, àti irin pẹlẹbẹ gígùn tí a fi ń fa igi jáde. Ọ̀pá igi tó máa bá a jáde nípọn tó nǹkan bíi mìlímítà 5, ó tín-ín-rín ju pẹ́ńsù lọ.

Ẹ yan igi àgbà 20, kí ẹ lu ọ̀kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mejì, ní mítà 1.3 sókè láti ilẹ̀. Bí ilẹ̀ bá dagun, ẹ̀gbẹ́ igi ni kí ẹ ti lù ú, kì í ṣe apá ìsàlẹ̀ òkè, torí pé páìnì máa ń mú apá ìsàlẹ̀ yẹn nípọn kó má bàa wó, òrùka ibẹ̀ á sì máa purọ́. Ẹ fi ìda pa ẹnu irin náà. Ẹ tì í mọ́ igi títí yóò fi gbá a mú, kí ẹ wá máa yí i sápá ọ̀tún títí ẹ ó fi dé àárín igi. Ẹ ti irin pẹlẹbẹ bọ inú ihò rẹ̀, ẹ yí ọwọ́ náà padà lẹ́ẹ̀kan. Ẹ ó gbọ́ tí igi dá. Ẹ fà á jáde.

Kíá lẹ gbọ́dọ̀ yọ irin náà kúrò lára igi. Igi tí a lu máa ń fún mọ́ irin, ẹni tó bá fi í síbẹ̀ láti kọ̀wé tàbí jẹun lè má rí i yọ mọ́. Ẹ má sì lu igi nígbà òtútù líle: igi tó ti dì le bí òkúta, ẹnu irin á ṣẹ́. Ní ti ihò, oje páìnì fúnra rẹ̀ ló máa dí i.

Ẹ fi ọ̀pá igi náà sínú ìfamu onípépà, kí ẹ kọ nọ́ńbà igi, apá tí ẹ ti lù ú àti ọjọ́ sí i. Nínú ìfamu oníke, èébu á bò ó láàárín ọjọ́ díẹ̀.

Sáńpépà

Tó bá gbẹ, ẹ fi gọ́ọ̀mù tí omi lè tú lẹ̀ ẹ́ mọ́ pákó tí a gbẹ́ ojú ọ̀nà sí. Àwọn fọ́nrán igi gbọ́dọ̀ dúró lóòró bí irun orí. Bí wọ́n bá sùn sílẹ̀, òrùka á fara sin. Sáńpépà nọ́ńbà 120 lẹ ó kọ́kọ́ fi ha á (bí nọ́ńbà bá ṣe ń ga ni ojú rẹ̀ ń kúnná sí i), lẹ́yìn náà 220, 320, 400, kí ẹ fi 600 parí rẹ̀. Ẹ má fo ọ̀kankan, torí ìlà tí 120 fà máa ń dà bí òrùka tó fún lábẹ́ máíkírósíkópù. Ó tó nígbà tí ẹ bá rí ihò wẹ́wẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan: àwọn tó fẹ̀, tí ògiri wọn fẹ́lẹ́, ni ti ìbẹ̀rẹ̀ ìgbà ooru, àwọn tó há, tí ògiri wọn nípọn tó sì dúdú, ni ti ìparí rẹ̀. (Ẹni tó wà nílé lè fi tíìkì kọ́ ìpele yìí. Ó máa ń wọ́wé lẹ́ẹ̀rùn, òrùka rẹ̀ sì máa ń hàn.)

Kíkà

Láti ibi èèpo lẹ ti ń kà wọ inú. Ẹ fi pẹ́ńsù tó àmì kan sí ọdún mẹ́wàá-mẹ́wàá, méjì sí àádọ́ta, mẹ́ta sí ọgọ́rùn-ún. Iye tí ẹ bá kà nígbà àkọ́kọ́ kì í ṣe ohun tí ẹ lè gbára lé, torí pé ní ọdún tó tutù jù, igi kan lè má ṣe òrùka rárá níbi tí ẹ ti lù ú. Ìdí nìyẹn tí a fi ń gbé igi 20 sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn: ọdún tó fún lára púpọ̀ nínú wọn gbọ́dọ̀ bọ́ sí ọdún kan náà lára gbogbo wọn. Ọdún 1601 jẹ́ òpó kan tó lágbára fún igi tó bá dàgbà tó bẹ́ẹ̀. Òkè oníná Huaynaputina ní Peru bú gbàmù ní 1600, ìgbà ooru tó tẹ̀ lé e sì tutù gan-an ní àríwá Yúróòpù.

Ẹ wá oṣù náà

Ẹ wọn ìbú òrùka kọ̀ọ̀kan. Ẹ fi ìlà ọjọ́ orí igi (ìlà tó ń fi ìbú tí a retí ní ọjọ́ orí kọ̀ọ̀kan hàn) pín in, torí òrùka máa ń tín-ín-rín bí igi bá ṣe ń dàgbà, láìjẹ́ ẹ̀bi ojú ọjọ́. Ẹ gba ìwọ̀n ooru oṣooṣù láti ibùdó ojú ọjọ́ Sodankylä ní àríwá Finland, kí ẹ lo CORREL nínú Excel (ó ń sọ bí ìlà nọ́ńbà méjì ṣe ń bá ara wọn lọ tó) fún oṣù kọ̀ọ̀kan, láti oṣù kẹfà ọdún tó ṣáájú dé oṣù kẹjọ ọdún náà. Bí ọdún tí ẹ ní bá jẹ́ 50, ohun tó bá kéré sí 0.28 kò ní láárí. Oṣù 15 lẹ sì dán wò, nítorí náà oṣù kan lè là kọjá lásán. Ẹ wò ó bóyá ó bá bí igi ṣe ń dàgbà mu.

Ní Inari, oṣù keje ọdún náà ló yẹ kó yọ jù. Bó bá jẹ́ oṣù keje ọdún tó ṣáájú ló yọ lára *ìsanra*, ẹ fura: ó ṣeé ṣe kí òrùka kan ti sọnù lójú yín, tí gbogbo ọdún fi sún nípò kan. Oṣù kẹfà ni ìmọ́lẹ̀ pọ̀ jù, ìgbà yẹn sì ni ihò wẹ́wẹ́ tuntun inú igi ń yára jáde jù lọ. Ṣùgbọ́n ògiri wọn ṣì máa ń nípọn sí i fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ìdí nìyẹn tí oṣù kẹjọ tó móoru fi ń jẹ́ kí apá dúdú òrùka ki.

Ẹ má gbé òfin Inari lọ síbòmíràn. Ní àárín gbùngbùn Alaska, nítòsí Fairbanks, òjò àti yìnyín ọdún kan kò ju nǹkan bíi mìlímítà 300 lọ. Níbi tí ilẹ̀ ti gbẹ níbẹ̀, igi spruce funfun, tó jẹ́ ìbátan páìnì, máa ń ṣe òrùka tó fún nígbà ooru tó gbóná, torí omi ni kò tó o.

Nígbà tí ẹ bá parí, ẹ gbé ìlà yín sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti agbègbè tó súnmọ́ yín nínú àkójọ òrùka igi àgbáyé tí NOAA, àjọ òkun àti ojú ọjọ́ ti Amẹ́ríkà, ń tọ́jú, ọ̀fẹ́ ni. Ibi tí méjèèjì bá ti yapa, ẹ gbé ọ̀pá igi ọdún yẹn padà sábẹ́ máíkírósíkópù.