Bí A Ṣe Lè Fi Oòrùn Mú Omi Ìwẹ̀ Gbóná ní Òṣogbo

Ẹnikẹ́ni tí táǹkì omi rẹ̀ bá wà lókè ní Òkè-Fìà tàbí Òkè-Baálẹ̀ mọ̀ pé, bí a bá ṣí ẹ̀rọ omi ní aago mẹ́ta ọ̀sán nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi tí ó kọ́kọ́ jáde a máa gbóná lọ́wọ́. Ẹ̀rọ kan náà ni ó ń da omi tútù nini sí wa lára ní ìdájí ọyẹ́. Oòrùn kò wọ́n wa. Ibi tí ooru ń gbà sá lọ ni a kò tíì dí. Ní ilẹ̀ olótùútù bíi Jámánì, àwọn mìíràn a máa gba irú omi gbígbóná bẹ́ẹ̀ kọjá nínú páìpù lábẹ́ ilẹ̀ yàrá kí ilé lè móoru, ṣùgbọ́n ní Òròkí, omi ìwẹ̀ àgbàlagbà àti ọmọ ọwọ́ ni ó jẹ wá lógún.

Ẹ kọ́kọ́ wá àgbá onírin tí ó gba nǹkan bí 100 lítà. Ìlú aláró ni à ń gbé, nítorí náà ẹ má ṣe ra àgbá tí ẹ kò mọ ohun tí ó ti gbé rí, kí ó má lọ jẹ́ pé kọ́síìkì, kẹ́míkà aláró tí ń jó ara, ni wọ́n rọ sí i. Dídùbúlẹ̀ ni àgbá náà yóò wà, kí ajórinmọ́rin dá ihò kan sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ àti méjì sí òkè. Lẹ́yìn èyí, ẹ fi ọ̀dà dúdú tí kì í dán kùn ún yí ká. Ẹni tí ó bá ti sá aṣọ aró sẹ́gbẹ̀ẹ́ aṣọ funfun rí mọ èyí tí oòrùn ń tètè mú gbóná.

Kí káfíńtà kan àpótí tí yóò gba àgbá náà. Inú àpótí yìí gan-an ni iṣẹ́ wà. Ẹ fi lẹ́búlẹ́bú pákó gbígbẹ, tí ẹ ti dì sínú ọ̀rá kí òjò má baà rin ín, tẹ́ ìsàlẹ̀ àti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 5 ó kéré tán, nítorí pé bí ó bá ti rin, kò lè di ooru mú mọ́. Ẹ fi páànù tí ń dán bo lẹ́búlẹ́bú náà kí ìmọ́lẹ̀ lè ta padà sára àgbá, kí ẹ sì fi gíláàsì dé ojú àpótí láìsí àlàfo tí afẹ́fẹ́ lè gbà.

Òṣogbo wà ní nǹkan bí dígírì 8 sí àríwá ìlà agbedeméjì ayé, nítorí náà apá gúúsù ni oòrùn ń gbà kọjá lásìkò ọyẹ́. Bí ẹ bá kọjú sí ìlà-oòrùn, ọwọ́ ọ̀tún yín ni gúúsù: ibẹ̀ ni kí gíláàsì náà dà sí, ní nǹkan bí dígírì 25, níbi tí òjìji igi máńgòrò kò dé. Ẹ má gbé e sórí òrùlé, nítorí omi 100 lítà nìkan wúwo tó 100 kílógíráàmù. Orí búlọ́ọ̀kù ni kí ó jókòó, kí ó sì rẹlẹ̀ ju táǹkì omi tútù lọ.

Omi tútù láti táǹkì yóò wọ ihò ìsàlẹ̀, yóò sì ti omi gbígbóná jáde láti ihò òkè kan. Ihò òkè kejì ni ti páìpù èémí, tí yóò ga ju orí táǹkì lọ, tí ẹnu rẹ̀ yóò sì wà ní ṣíṣí. Púlọ́ńbà tí ó bá ní kí ẹ fi nǹkan dí i kò mọ iṣẹ́ yìí: omi a máa fẹ̀ bí ó bá gbóná, àgbá tí kò ní èémí sì lè bẹ́. Páìpù bàbà tàbí PPR (páìpù oníke tí ó lè gba omi gbígbóná) ni kí ẹ lò nítòsí àgbá, nítorí ooru a máa sọ páìpù omi tútù lásán di rírọ̀.

Ẹ máa nu eruku ọyẹ́ kúrò lójú gíláàsì lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ wẹ̀, omi tútù ni kí ẹ kọ́kọ́ bù sínú korobá, kí ẹ tó fi gbígbóná là á. Bí ó bá jẹ́ pé iná mànàmáná ni a fi mú ooru omi korobá 20 lítà kan lọ sókè ní dígírì 20, ìbá jẹ nǹkan bí ìdajì yúníìtì iná. Ní oṣù kẹjọ, tí òfuurufú ṣú dùdù, àdògán ṣì ni ìrànlọ́wọ́ yín.

Tí ó bá di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ẹ fi aṣọ nínípọn bo gíláàsì. Síbẹ̀, lọ́ọ́wọ́ọ́ ni omi náà yóò jẹ́ ní ìdájí. Fún ọmọ ọwọ́, ẹ bu èyí tí ó gbóná jù sínú kúlà òde àríyá nírọ̀lẹ́, kí ẹ dé e dáadáa, nítorí bí kúlà ṣe ń pa òtútù mọ́ náà ni ó ṣe ń pa ooru mọ́.