Bí mo ṣe fi akòko wé apá l'Ékìtì

Àwọn ọmọ tí mò ń kọ́ ní bàọ́lọ́jì l'Ádó fẹ́ gbin igi sí ọgbà ilé ìwé, àwọn kan ń pe akòko, àwọn kan ń pe apá, mo bá ní ká kọ́kọ́ fi méjèèjì wéra ká tó gbẹ́ kòtò kankan.

Akòko ò gbà wá lákòókò rárá. Ó wà níwájú ààfin, ó wà lójú ààlà ilẹ̀, òdòdó ẹ̀ ṣù jọ sórí ẹ̀ka, píńkì, ẹnu ẹ̀ ṣí gbayawu. Least Concern, ìyẹn ni pé kò tíì sí nínú ewu àtipòórá, ni IUCN, àjọ àgbáyé tó ń dáàbò bo ohun àdánidá, kọ síwájú ẹ̀ nínú Red List wọn, ìwé tí wọ́n fi ń sọ bí ewu ìparun ṣe sún mọ́ igi àti ẹranko kọ̀ọ̀kan tó, kò sì yà mí lẹ́nu, torí tẹ́ ẹ bá gún ẹ̀ka ẹ̀ mọ́lẹ̀ lásìkò òjò á hù, ewé ẹ̀ náà la sì fi ń joyè, ìlú wo ló máa jẹ́ kó tán lọ́dọ̀ òun?

Apá ni wàhálà wà. Bàbá kan tó ti ṣiṣẹ́ agégi rí ló mú wa wọgbó, a rìn títí ká tó rí ọ̀kan tó ń so. Wọ́n ní, "Ẹ̀yin ọmọ, àwọn ńlá ńlá ti lọ tipẹ́, àwọn lẹ fi ṣe ilẹ̀kùn ilé yín yẹn." Wọ́n fi àdá la èso ẹ̀, kóró dúdú tó ń dán ló wà nínú ẹ̀, ìdí kóró kọ̀ọ̀kan dé fìlà aláwọ̀ ọsàn, àwọn ọmọ ò fẹ́ gbé e sílẹ̀ mọ́!

Vulnerable ni Red List pe apá, ìyẹn ni pé ó wà nínú ewu àtipòórá. Gedú ẹ̀ ń pa á, àwọn darandaran ń gé ẹ̀ka ẹ̀ fún màlúù, kì í sì í tètè dàgbà, ẹni tó gé e lónìí ò lè retí ìdàgbà ẹ̀ láyé ara ẹ̀. Lọ́dún 2022, níbi ìpàdé CITES, àdéhùn àgbáyé lórí títa igi àti ẹranko inú igbó láàárín orílẹ̀-èdè, ní Panama, wọ́n fi àwọn igi Afzelia ilẹ̀ Áfíríkà, tí apá wà lára wọn, sínú Appendix II, àkọsílẹ̀ àwọn ohun tí wọ́n ń ṣọ́ títà wọn, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ kó gedú ẹ̀ jáde lórílẹ̀-èdè láìní ìwé àṣẹ. Ó dáa, àmọ́ ìwé àṣẹ ò gbin igi, àwa la máa gbìn ín.

Ohun tá a ṣe nìyẹn. Akòko gba ẹ̀gbẹ́ fẹ́ǹsì. Kóró apá la yọ fìlà ẹ̀, a rẹ ẹ́ sómi mọ́jú, a gbìn ín sínú náílọ́nù, abẹ́ ìbòòji ló wà báyìí, tí òjò bá ti wọlẹ̀ dáadáa a máa gbé e sílẹ̀, ká fi àyè gidi sílẹ̀ láàárín wọn torí apá máa ń fẹ̀ gan-an.