Bọ́tìnì tí a tẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, tó ka mẹ́rin

Bí o bá tẹ bọ́tìnì lẹ́ẹ̀kan, tí microcontroller (kọ̀ǹpútà kékeré inú ẹ̀rọ) sì kà á sí mẹ́rin, kóòdù kọ́ ló ṣì í kà. Irin inú bọ́tìnì máa ń ta padà bó bá kan èkejì rẹ̀. Á kàn, á ṣí, á tún kàn, fún mílísẹ́kọ́ǹdù (ms) mélòó kan. Microcontroller yára tó láti rí gbogbo rẹ̀.

Kàpásítọ̀ 100 nF pẹ̀lú rẹ̀sísítọ̀ pull-up 10 kΩ (tó ń fa pin, ìyẹn ẹsẹ̀ microcontroller tí bọ́tìnì so mọ́, sí fóltéèjì gíga bí a kò bá tẹ̀ ẹ́) dín ìtapadà náà kù, kò pa á: 1 ms péré ni ìlọ́po wọn, ìyẹn ìwọ̀n àkókò tí fóltéèjì fi ń yí padà. 1 µF á fún wa ní 10 ms, àmọ́ fóltéèjì á máa gun díẹ̀díẹ̀, pin tí kò ní Schmitt trigger (àyíká tó ní ààlà fóltéèjì méjì, ọ̀kan fún ìgòkè, ọ̀kan fún ìsọ̀kalẹ̀) sì lè tún ṣì í kà.

Ohun tó yanjú rẹ̀: timer (aago inú microcontroller) ń ka pin náà ní gbogbo 5 ms. Bó bá yàtọ̀ sí ipò tí a ti gbà tẹ́lẹ̀, fi 1 kún òǹkà. Bó bá bá a mu, dá òǹkà padà sí 0. Tí òǹkà bá pé 4, gba ipò tuntun, kí o sì dá òǹkà padà sí 0. Nǹkan bí 20 ms nìyẹn, ìka kò lè mọ̀ ọ́n. Má so bọ́tìnì mọ́ interrupt (àmì tó ń dá kóòdù dúró láti ṣe iṣẹ́ mìíràn lójú ẹsẹ̀) tààrà o. Gbogbo ìtapadà ló máa pè é.