Bí a ṣe ń rìn ní Montreal láìgbọ́ Faransé

Mo ti mú ẹbí àti ọ̀rẹ́ káàkiri Montreal lọ́pọ̀ ìgbà, àwọn kan láti Ìbàdàn, àwọn kan láti London, àwọn mìíràn láti Toronto níbí. Gẹ̀ẹ́sì dá gbogbo wọn lójú. Ibì kan náà ni wọ́n sì ti ń kọsẹ̀: ọ̀rọ̀ kíkí. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kí, ìlú náà á rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n kí á padà wá sọ fún wa pé àwọn èèyàn ibẹ̀ burú. Wọn ò burú rárá.

Kí ẹ tó kúrò nílé, ẹ gba Faransé sínú Google Translate kó lè ṣiṣẹ́ láìsí dátà. Lẹ́yìn náà, ẹ mú bébà pélébé kan, kí ẹ kọ orúkọ òpópónà tí ẹ máa dé sí àti ibùdókọ̀ abẹ́ ilẹ̀ tó sún mọ́ ọn sí i. Òtútù ibẹ̀ máa ń pa bátìrì fóònù lójijì, bébà kì í kú. Àpò àyà ni tèmi máa ń wà.

Ó yá, ẹ kọ́ ọ̀rọ̀ mẹ́rin yìí: Bonjour (ẹ ǹlẹ́ o), s'il vous plaît (ẹ jọ̀ọ́), merci (ẹ ṣé), àti Je parle anglais (Gẹ̀ẹ́sì ni mò ń sọ). Ẹ má kọ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo mọ ẹnìkan tó há gbólóhùn gígùn kan sórí láti fi béèrè ọ̀nà. Ó pè é dáadáa débi pé ẹni tó bi léèrè gbà pé ó gbọ́ èdè. Ni Faransé bá ń rọ́ lù ú bí òjò, kò sì gbọ́ ẹyọ kan nínú ẹ̀.

Bí a ṣe ń lò ó nìyí. Ẹ wọlé, ẹ wo ojú ẹni tó wà nídìí káńtà, ẹ ní "Bonjour." Ẹ dákẹ́. Ẹ jẹ́ kó dá yín lóhùn ná. Ìdákẹ́ yẹn làwọn èèyàn kì í lè ṣe. Nílé wa, ta ló ń dé ìsọ̀ ẹlẹ́ran tí yóò kàn ní "Èló ni?" láìkọ́kọ́ ní "Ẹ kú ọjà o"? Bí ẹ bá ti kí tán, tí ó ti jẹ́ yín, ẹ wá sọ pé "Je parle anglais, s'il vous plaît." Lọ́pọ̀ ìgbà, ẹ ò tíì parí rẹ̀ tí á ti bọ́ sí Gẹ̀ẹ́sì fún yín.

Ní ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù àárín ìlú, àwọn fúnra wọn á kọ́kọ́ ní "Bonjour-Hi." Èdè tí ẹ bá fi jẹ́ wọn ni wọ́n á bá yín sọ. Ẹ má fojú kékeré wò ó o: ní 2017, ilé aṣòfin Quebec, ìpínlẹ̀ Kánádà tí Montreal wà, dìbò lórí ìkíni yìí, wọ́n ní kí àwọn oníṣòwò fi mọ sí "Bonjour." Láti 1974 ni Faransé nìkan ti jẹ́ èdè ìjọba níbẹ̀, òfin èdè ti 1977 sì tún mú un le sí i. Ó lé ní ìdajì àwọn ará Montreal tó gbọ́ èdè méjèèjì, àmọ́ wọn ò fẹ́ kí àlejò wọlé bí ẹni pé Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ gbèsè tí wọ́n jẹ ẹ́.

Àbúrò mi kan wọ ilé bagel kan, búrẹ́dì róbótó tó ní ihò láàárín, ó ní òun fẹ́ mẹ́fà, ní Gẹ̀ẹ́sì, kò kí ẹnikẹ́ni. Obìnrin ibẹ̀ fi Faransé dá a lóhùn. Ó tún un sọ, ó gbé ohùn sókè. Obìnrin náà yíjú sí ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Mo fà á jáde, mo ní kó tún wọlé, kó kí, kó sì dúró. Ó ní "Bonjour," ó dákẹ́. Obìnrin yẹn kan náà rẹ́rìn-ín, ó fi Gẹ̀ẹ́sì tó já gaara béèrè iye tó fẹ́, ó sì fi àwọn tó ń jáde nínú ààrò igi lọ́wọ́lọ́wọ́ sílẹ̀ fún un. Yànmọ̀tí ara wọn ṣì ń jó ni lọ́wọ́. Ẹ má gbé ohùn sókè láéláé.

Ẹnu Yorùbá ní àǹfààní níbí. "Ọn" tó wà nínú "ìbọn" náà ló wà nínú "bon," ọ̀pọ̀ àwọn tí Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni wọ́n mọ̀ kò lè pè é. Ìyàtọ̀ "o" àti "ẹ" náà ti wà lẹ́nu wa: "tu" ni "o," "vous" ni "ẹ." Vous ni kí ẹ máa lò. Bí ọ̀dọ́ Montreal bá ní "tu" fún yín, kò rí yín fín, bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ níbẹ̀ nìyẹn.

Ìyókù rọrùn. Bọ́ọ̀sì 747 ń ti pápákọ̀ òfuurufú wọ àárín ìlú tọ̀sán-tòru. Nínú métro, ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀, ibùdókọ̀ ìkẹyìn ni wọ́n fi ń dárúkọ apá tí ọkọ̀ ń lọ, nítorí náà ẹ kọ ìyẹn náà sí bébà yín. Sortie ni ọ̀nà àbájáde. Ní balùwẹ̀, ẹ ṣọ́ra: C lórí ẹ̀rọ omi ni chaud, omi gbígbóná, F ni tútù. Ìyá ọ̀rẹ́ mi kan ti gbé ọwọ́ sábẹ́ C, ó rò pé òun ń lọ bomi tútù.

Nínú ìwé oúnjẹ, déjeuner ni oúnjẹ àárọ̀ ní Quebec, dîner ni ti ọ̀sán, souper ni ti alẹ́, bí ẹ bá tiẹ̀ kọ́ nǹkan mìíràn nílé ìwé. Tí ìwé owó oúnjẹ bá dé, ẹ máa rí owó orí ọjà méjì, TPS 5% àti TVQ 9.975%. Ẹ ro méjèèjì pọ̀, iye yẹn náà ni kí ẹ fi ta ẹni tó gbé oúnjẹ wá lọ́rẹ. Mi ò lo kọ̀ǹpútà rí fún un.

Tí ẹ bá gbé mọ́tò wá, ẹ má yà sọ́tùn-ún nígbà tí iná bá pupa, ó lòdì sófin ní erékùṣù Montreal. Pátákó páàkì ló léwu jù: mẹ́ta tàbí mẹ́rin lè wà lórí òpó kan. MAR kì í ṣe oṣù kẹta, ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni, mardi. Oṣù kẹta ni MARS. Ẹ ka gbogbo rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, ẹ wo ibi tí ọfà kọjú sí, kí ẹ sì ya fọ́tò rẹ̀. Nígbà yìnyín, tí ẹ bá rí pátákó aláwọ̀ ọsàn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé síbẹ̀, wọ́n ń bọ̀ wá kó yìnyín nìyẹn. Tí ẹ bá gbọ́ fèrè ọkọ̀ tó ń wọ́ mọ́tò, ẹ sáré wọ bàtà, kí ẹ lọ gbé tiyín kúrò.