Ẹ ti gbé Alice Springs rí? Àwọn àṣìṣe tó yẹ kí ẹ yẹra fún bí ẹ bá padà lọ

Àlejò lójú, kò fi ríran, bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbà wí. Ṣùgbọ́n ní Alice Springs, láàárín aṣálẹ̀ Ọsirélíà, ẹni tó ti gbé ibẹ̀ rí ni àyà mi máa ń já fún ju àlejò lọ. Àlejò á béèrè ọ̀nà, á sì ka pátákó ìkìlọ̀. Ẹni tó ti ṣiṣẹ́ níbẹ̀ kó tó kó lọ sí Melbourne tàbí Perth, á ní òun mọ ibẹ̀ bí ẹní mowó.

Àṣìṣe tó burú jù ni pé kí ẹ gbára lé ara tí ẹ ní nígbà yẹn. Ara tí ooru ti mọ́ lára máa ń gbàgbé rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Nínú oṣù Kejìlá àti Kínní, ooru ibẹ̀ lè kọjá 40°C, àpáta á sì gbóná janjan. Ẹ má ṣe tìtorí pé ẹ ti rin ọ̀nà Larapinta rí kí ẹ tún gbà á nígbà náà. Ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ yìí gùn tó nǹkan bí 223 kìlómítà, láti ilé tẹlígíráàfù àtijọ́ títí dé òkè Rwetyepme. Láti oṣù Karùn-ún sí oṣù Kẹjọ ló dára jù. Àmọ́ òtútù òru nígbà náà lè sọ omi di yìnyín, nítorí náà aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ nìkan kò tó.

Ẹ má gbójú lé odò fún omi mímu. Odò Todd tó gba àárín ìlú kọjá, iyanrìn ni lọ́pọ̀ ìgbà. Kí ẹnì kọ̀ọ̀kan gbé ó kéré tán lítà 3 fún ọjọ́ kan. Ní Ellery Creek, tí omi wà, omi náà jìn, ó sì tutù gan-an, kódà nígbà ooru. Ẹ má fò sínú rẹ̀ pẹ̀lú òógùn lára. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì kì í pẹ́ já téèyàn bá ti kúrò nílùú. Ẹ sọ fún ẹnì kan ìgbà tí ẹ máa padà, kí ẹ sì mú ẹ̀rọ kékeré tó ń fi àmì ìrànlọ́wọ́ ránṣẹ́ sí sátẹ́láìtì dání.

Àwọn kan ṣì rò pé ọ̀fẹ́ ni gbogbo ọgbà ìjọba. Láti ọdún 2023, ẹni tí kì í gbé ní Northern Territory, agbègbè tí Alice Springs wà, gbọ́dọ̀ ra ìwé àṣẹ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Pé ẹ ti gbé ibẹ̀ rí kò yọ yín sílẹ̀. Bákan náà, wọ́n ti fòpin sí gígun àpáta ńlá Uluru láti ọjọ́ 26 oṣù Kẹwàá ọdún 2019, ohun tí àwọn Anangu tó ni ilẹ̀ náà ti ń bẹ̀bẹ̀ fún tipẹ́. Ẹni tó gùn ún láyé ijọ́un kò gbọdọ̀ tún mú ọmọ rẹ̀ lọ fún un.

Ọ̀rọ̀ ẹranko ló wà lọ́kàn mi jù. Ní Simpsons Gap, àlàfo kan láàárín òkè nítòsí ìlú, ìdájí tàbí ìrọ̀lẹ́ ni wálábì àpáta, ẹ̀yà kàǹgárù kékeré, máa ń jáde sáàárín òkúta. Ẹni tó bá ń rìn kiri kò ní rí wọn. Ẹ jókòó sójú kan, ẹ pa ẹnu mọ́, ẹ jẹ́ kí ojú máa wá ohun tó ń mira. Ẹ má ju búrẹ́dì sí wọn, bó ti wù kí wọ́n sún mọ́ yín tó: oúnjẹ wa ń ṣe wọ́n níbi. Ẹ má sì pàgọ́ létí omi, torí ẹranko tí òùngbẹ ń gbẹ á dúró lókèèrè, kò ní lè mu. Ẹ gbọn bàtà yín kí ẹ tó wọ ibòmíràn. Irúgbìn koríko buffel, tí wọ́n gbìn fún màlúù tẹ́lẹ̀, ń bá èèyàn rìn, iná rẹ̀ sì le ju ti koríko ìbílẹ̀ lọ.

Ẹ má wakọ̀ lóru lẹ́yìn òde ìlú. Kàǹgárù máa ń já lu títì láti ìrọ̀lẹ́. Lójú mọmọ pàápàá, bí ẹ bá rí idì lórí òkú ẹran, ẹ dín eré kù, torí ó wúwo, kì í tètè gbéra. Bí ọkọ̀ bá pa kàǹgárù, tí ojú ọ̀nà sì dákẹ́, ẹ wo àpò ikùn rẹ̀ bóyá ọmọ wà níbẹ̀. Àwọn tó ń tọ́jú ẹranko wà nílùú. Ẹ ti fi nọ́ńbà wọn sínú fóònù kí ẹ tó jáde.