Bí A Ṣe Ń Yá Àrà Ìgbà Mìíràn Lò Nínú Pósítà

Kí ẹ tó mú àrà àtijọ́ kan wọ inú pósítà tí ẹ fẹ́ ṣe, ẹ kọ́kọ́ wádìí irinṣẹ́ tí wọ́n fi ṣe é àti ibi tí àwọn ènìyàn ti ń wò ó, nítorí pé nínú nǹkan méjèèjì yìí ni púpọ̀ nínú ẹwà tó ń wù wá ti jáde.

Ní Paris, lẹ́yìn ọdún 1860, orí òkúta ni ayàwòrán Jules Chéret ti ń tẹ pósítà aláwọ̀, àwọ̀ kọ̀ọ̀kan sì ní òkúta tirẹ̀. Nígbà tí Toulouse-Lautrec, ayàwòrán ará Faransé tí àwòrán tí àwọn ará Jàpáànù ń fi pákó gbígbẹ́ tẹ̀ wọ̀ lọ́kàn, ṣe pósítà ilé ijó Moulin Rouge ní ọdún 1891, àwọ̀ díẹ̀ tó tẹ́ pẹrẹsẹ ló lò. Bí irú rẹ̀ bá wù yín, ẹ má ṣe kọjá àwọ̀ mẹ́rin, kí ẹ sì fọwọ́ ya lẹ́tà yín.

Èyí tó kọ́ni jù, ní tèmi, ni ti Lucian Bernhard, ayàwòrán pósítà ní Berlin. Nínú pósítà tó ṣe fún ìṣáná Priester ní nǹkan bí ọdún 1906, igi ìṣáná méjì àti orúkọ ọjà nìkan ló wà níbẹ̀. Wọ́n ní tábìlì, sìgá àti àwọn oníjó wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀, kí ó tó pa wọ́n rẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́: ẹ ya gbogbo ohun tó bá wá sí yín lọ́kàn, kí ẹ wá máa yọ wọ́n kúrò títí tí yóò fi ku ohun tí ẹ kò lè yọ láìjẹ́ pé ẹni tó ń kọjá kò ní mọ ohun tí ẹ ń tà.

Ti Switzerland ní àwọn ọdún 1950 rọrùn láti kọ́, ṣùgbọ́n ó rọrùn kí ó gbẹ, kí ó má wuni: ẹ fa ìlà pín ojú ìwé, ẹ lo irú lẹ́tà kan ṣoṣo.

Ní Gánà, ní àwọn ọdún 1980 àti 1990, àwọn ayàwòrán máa ń fi ọ̀dà ya pósítà fíìmù sára àpò ìyẹ̀fun fún àwọn tó ń gbé fídíò kiri láti fi han ènìyàn láti ìlú dé ìlú, àwọn ayàwòrán mìíràn kò sì tíì rí fíìmù ọ̀hún rárá. Ẹ yá àsọdùn wọn lò, kí ohun kan ṣoṣo tóbi ju bó ṣe yẹ lọ. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe mọ̀ọ́mọ̀ ya ènìyàn ní wọ́gọwọ̀gọ láti fi àwọn ayàwòrán náà ṣe yẹ̀yẹ́.

Àrà yòówù tí ẹ bá yàn, ẹ lẹ pósítà náà mọ́ ògiri, kí ẹ sún sẹ́yìn. Bí kò bá ṣeé kà, ẹ dín ọ̀rọ̀ kù kí ẹ tó ronú àtimú lẹ́tà tóbi sí i.